Ráútà méjì nínú ọgbà kan, íńtánẹ́ẹ̀tì kò dúró sójú kan. Ẹ gbà mí o

Aránṣọ_Àpẹtẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ, n kì í kàn-án dá sí i ni. Lónìí, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Àpẹtẹ̀, n'Íbàdàn. Ilé wa wà níwájú, ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́yìn ọgbà. Téèpù tí mo fi ń wọn èèyàn ni mo fi wọn ilẹ̀ tó wà láàárín méjèèjì, ìgbà 23 ni mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó kù díẹ̀ kó pé mítà 35. Ọmọ-iṣẹ́ mi rò pé orí mi ti dàrú.

Pálọ̀ ni wáyà fáíbà wọlé sí, orí kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n ni ráútà wà. Mbps 20 là ń sanwó fún. Ẹni tó bá jókòó sí pálọ̀ kò lẹ́jọ́ kankan láti rò. Àmọ́ téèyàn bá ti gba kíṣìnnì jáde sẹ́yìn, àmì wáìfáì á ku ẹyọ kan. Tó bá fi máa dé ṣọ́ọ̀bù, òfo.

Ṣọ́ọ̀bù gan-an ni mo sì ti nílò rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, aago 4 ìrọ̀lẹ́, mo máa ń kọ́ àwọn 19 kan ní gígé aṣọ lórí fídíò. Wọ́n ń sanwó, ẹnu wọn sì mú. Mo bá pe ọmọkùnrin kan kó wá bá mi ṣe é. Ó fa wáyà láti ìdí ráútà pálọ̀, ó gbé e gba orí fẹ́ǹsì, ó dè é mọ́ wáyà iná tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó wá ki orí kejì bọ ráútà àtijọ́ kan tí àbúrò mi fi sílẹ̀ nígbà tó ń kó lọ sí Àbújá. Ó gba 15,000 náírà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mò ń gbàdúrà fún un.

Lẹ́yìn náà ni wàhálà dé. Fóònù á wọ wáìfáì, àmì á kún dẹ́múdẹ́mú, WhatsApp ò ní ṣí. Màá pa á, màá tàn án. Nígbà míì á ṣe, nígbà míì kò ní ṣe. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó wà ní pálọ̀, tí nǹkan kan ò ṣe tẹ́lẹ̀, ó ti ń ṣe àwọn náà. Ọkọ mi ní èmi ni mo kó àrùn ran ráútà òun. Tí NEPA bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iná padà, ìgbà yẹn ló máa ń burú jù.

Sátidé tó kọjá, ọrùn bùbá là ń gé. Wọ́n ti ṣẹ́ aṣọ sí mẹ́rin, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ọrùn tèmi, mo wá ní, "Ẹ má tíì gé e, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ibi èjìká hàn yín." Ibẹ̀ ló ti já. "Gé e" nìkan ni wọ́n gbọ́. Àwọn bíi mẹ́fà gé e lóòótọ́. Ọ̀kan nínú wọn, léèsì ìyá rẹ̀ ló tẹ́ sílẹ̀. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọrùn bùbá yẹn, màlúù lè wọ̀ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ra ráútà tó lágbára jù èyí lọ ni, àbí wáyà ló bàjẹ́?

Báyọ̀_Ajé

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ màlúù yẹn, ẹ má bínú. Ẹ tú gbogbo wáyà yẹn dànù jàre. Mesh ẹlẹ́yọ mẹ́ta ni kẹ́ ẹ rà, àwọn ráútà kéékèèké tó ń ta wáìfáì látaré síra wọn, ọ̀kan sí pálọ̀, ọ̀kan sí kíṣìnnì, ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù, ó parí. Tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ ra ráútà tó ní antẹ́nà mẹ́jọ. Mo ní ọ̀kan tí mo fẹ́ tà.

Ará_Peckham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Nínú ilé tí mo háyà ní London níbí, onílé ò jẹ́ ká lu ògiri. Powerline ni mo rà: ẹ ó ki ọ̀kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nídìí ráútà, ẹ ó ki èkejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní yàrá tẹ́ ẹ fẹ́. Inú wáyà iná tó wà lára ògiri ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá. Ọdún kẹta rèé, kò tíì dà mí láàmú.

Bàbá_Kírímpà

Àǹtí, ẹ kú wàhálà. Ẹ má tíì ra ohunkóhun, àgàgà lọ́wọ́ Báyọ̀.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan méjì. Ẹ dúró sí pálọ̀, ẹ tẹ 192.168.1.1 síbi tẹ́ ẹ ti máa ń tẹ orúkọ wẹ́ẹ̀bù nínú Chrome, kẹ́ ẹ wo àwọ̀ ojú ìwé tó máa jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tún tẹ nọ́ńbà yẹn kan náà. Ìkejì, wáyà tó wọ ráútà ṣọ́ọ̀bù, ṣé ihò tí wọ́n kọ WAN sí (ti ọ̀nà ìta) ló wà, àbí ọ̀kan lára àwọn ihò tí wọ́n kọ LAN sí (ti inú ilé)?

Aránṣọ_Àpẹtẹ̀

Bàbá, ẹ ṣeun. Ti pálọ̀: pupa àti funfun. Ti ṣọ́ọ̀bù: búlúù, orúkọ míì pátápátá ló wà lókè rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni mo mà tẹ̀ o! Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Wáyà wà nínú ihò LAN, èyí ìkejì.

Bàbá_Kírímpà

Ẹ má bẹ̀rù, ohun tí mo fura sí náà nìyẹn.

Gbogbo fóònù tó bá wọ wáìfáì gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà kó tó lè ṣe ohunkóhun. Ẹni tó ń pín nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń pè ní DHCP, inú ráútà ló ń gbé. Bó ṣe ń fún fóònù ní nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ náà ló ń sọ fún un pé, "Tó o bá fẹ́ jáde síta, ọ̀dọ̀ mi ni kó o gbà." Nínú ọgbà yín báyìí, ẹni méjì ló ń pín nọ́ńbà, àwọn méjèèjì ló sì ń jẹ́ 192.168.1.1. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Ti pálọ̀ mọ ọ̀nà ìta, torí òun ni fáíbà wọ̀ lára. Ti ṣọ́ọ̀bù kò mọ ọ̀nà kankan, ṣùgbọ́n kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Fóònù tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, inú ògiri ló rán an lọ.

Ẹ ní ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń burú jù. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ráútà àtijọ́ yẹn kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe, á ti jí dìde kí ti pálọ̀ tó bá fáíbà sọ̀rọ̀ tán. Gbogbo ẹni tó bá ń wá nọ́ńbà lásìkò yẹn, òun ló máa pín in fún, títí kan fóònù ọkọ yín lórí àga ní pálọ̀, torí wáyà ti so gbogbo yín pọ̀. Nítorí náà, ẹ lọ tọrọ àforíjì. Ẹ kó àrùn ràn án lóòótọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà gígùn yẹn kúrò lára ráútà ṣọ́ọ̀bù, kó ku òun nìkan. Ẹ wọ wáìfáì rẹ̀, ẹ ṣí ojú ìwé búlúù yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n kọ "AP mode" sí (kó kàn máa tan wáìfáì ká, kó má pín nọ́ńbà), ẹ tẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti dínkù nìyẹn. Tí kò bá sí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ LAN sí, kẹ́ ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà sí 192.168.1.2. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí o. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ pa DHCP, fóònù yín lè má rí ẹni fún un ní nọ́ńbà mọ́, ẹ ò ní lè wọlé padà. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yí i, ẹ fi nọ́ńbà tuntun yẹn wọlé, kẹ́ ẹ wá pa DHCP. Ẹ dá wáyà padà sí ihò LAN tó wà, ẹ má gbé e lọ sí WAN.

Lórí ti pálọ̀, ẹ wo ibi tí ìpín rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ láti 2 ló ti ń pín, ẹ yí i kó máa pín láti 100 dé 200, kó má lọ fi 2 tí a fún ti ṣọ́ọ̀bù ta ẹlòmíì lọ́rẹ.

Báyọ̀, mesh kì í ṣe nǹkan burúkú, àmọ́ ẹyọ kan gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn èkejì. Ògiri búlọ́ọ̀kù ínṣì 9, ilẹ̀kùn irin lẹ́yìn kíṣìnnì, òrùlé páànù ní ṣọ́ọ̀bù: èyí tẹ́ ẹ bá gbé sí kíṣìnnì fúnra rẹ̀ á máa fetí kó o ni. Ní ti antẹ́nà mẹ́jọ, ẹ fojú inú wo ẹni tó di gbohùngbohùn mú ní pálọ̀. Àǹtí á gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù. Fóònù Àǹtí ńkọ́, kí ló máa fi dá a lóhùn? Ẹni tó bá ti ní wáyà tó lọ láti ibì kan dé ibì kejì, kó tún wáyà rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham, ọ̀rọ̀ yín dáa fún ilé tó ń lo mítà iná kan. Àǹtí, ṣé mítà kan náà ni ilé àti ṣọ́ọ̀bù ń lò?

Aránṣọ_Àpẹtẹ̀

Rárá o. Ṣọ́ọ̀bù ní mítà tirẹ̀, a sì máa ń yí fésì tí iná bá rẹlẹ̀.

Ará_Peckham

Haa. Mo ti gbàgbé pé wọ́n ń yí fésì. Ẹ fojú fo ọ̀rọ̀ tèmi.

Bàbá_Kírímpà

Ó ku wáyà. Èyí tẹ́ ẹ sọ pé ó dè é mọ́ wáyà iná lórí fẹ́ǹsì, kò jẹ́ kí n jẹun dáadáa lánàá. Kì í ṣe ibi tó yẹ kó wà rárá. Wáyà iná tí ara rẹ̀ bá bó lọ́jọ́ kan, iná yẹn á gba ti íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú ráútà, á sì wọ ọwọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Ẹ ní kí wọ́n tú u lónìí.

Kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù, ẹ gé díẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ bó o, ẹ mú òwú kan nínú mẹ́jọ, kẹ́ ẹ fi abẹ fẹ́lẹ́ họ ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ bàbà, bẹ́ ẹ bá họ ọ́ títí, pípọ́n ló máa pọ́n. Tó bá funfun nínú bíi ṣíbí ọbẹ̀, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn lójú ni. CCA lorúkọ rẹ̀. Ó pọ̀ lọ́jà, Cat6, orúkọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tó dáa, ni wọ́n á kọ sára rẹ̀ gàdàgbà. Béèyàn bá ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti kán.

Aránṣọ_Àpẹtẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn. Alẹ́ Fráìdè ni mo ṣe é, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn.

Mo yí nọ́ńbà sí 192.168.1.2, mo tẹ "Save", ojú ìwé búlúù yẹn bá kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ń yí, ó ń yí, kò padà wá. Mo ti fẹ́ẹ́ máa sunkún kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé nọ́ńbà àtijọ́ ló ṣì wà lókè. Èmi ni mo ní kó máa jẹ́ orúkọ tuntun, tí mo tún ń fi ti àtijọ́ pè é! Mo tẹ tuntun, ó dáhùn. Mo pa DHCP. Mo dá wáyà padà. Mo ní kí ọkọ mi pa iná láti ìdí mítà kó tún tàn án, bíi pé NEPA ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ṣe é. Lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo fóònù rí ọ̀nà. Ó kàn ń wò mí ni.

Ti wáyà: mo họ ọ́. Ó funfun bí eyín. Ó yà mí lẹ́nu pé inú ń bí mi tó bẹ́ẹ̀, torí pé èmi tí mò ń rán aṣọ, mo mọ gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ta rọ́bà fún èèyàn lórúkọ òwú. Tí wọ́n bá gbé yáàdì aṣọ kan fún mi, màá fa òwú kan jáde, màá fi iná sí i. Èyí tó bá jó tó di eérú, òwú ni. Èyí tó bá yọ́ tó di kókó, rọ́bà ni. N ò mọ̀ pé ó yẹ ká máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún wáyà pẹ̀lú.

Mo ti ra mítà 45 tuntun. Ẹni tó tà á jẹ́ kí n fi abẹ họ ọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun ò rí oníbàárà bíi tèmi rí. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń fi orí sí i? N kò fẹ́ pe ọmọkùnrin yẹn mọ́.

Bàbá_Kírímpà

Ẹni tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, kí ló le níbẹ̀? Ẹ yá kírímpà, irin tí wọ́n fi ń tẹ orí mọ́ wáyà, lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ má rà á torí orí wáyà méjì. Ẹ bó awọ òde díẹ̀, bí ìbú ìka méjì, ẹ tú àwọn òwú tó lọ́ mọ́ra wọn, ẹ nà wọ́n tọ́ọ́rọ́. Ẹ gbé orí wáyà dání kí ibi tó ń ta fùn-ùn kọjú sí ilẹ̀, kí góòlù wà lókè. Láti ọwọ́ òsì: funfun onílà ọsàn, ọsàn, funfun onílà ewé, búlúù, funfun onílà búlúù, ewé, funfun onílà bíráùn, bíráùn. Ìpẹ̀kun méjèèjì, bákan náà. Búlúù ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú, torí àárín àwọn méjì aláwọ̀ ewé ló jókòó sí.

Ẹ fi síẹ́sì gé orí wọn kó dọ́gba kẹ́ ẹ tó tì wọ́n wọlé. Ẹ rí i pé orí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kan iwájú, kí awọ òde náà wọlé díẹ̀ sábẹ́ ibi tó máa fi eyín dì í mú. Kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ sin ín sínú páìpù PVC lábẹ́ ilẹ̀, kó jìnnà sí wáyà iná tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ó kéré tán. Tí ojú ọjọ́ bá ṣú, kí ààrá tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ọ́ ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Wáyà bàbà tó lọ láti ilé kan dé ilé kejì, ààrá fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti pa ihò mẹ́ta lára swíìṣì íńtánẹ́ẹ̀tì mi lọ́jọ́ kan, ààrá náà ò sì jìn sílé mi lọ títí o. Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì ńlá ni, fáíbà ni ǹ bá ní kẹ́ ẹ fà láàárín ilé méjì, torí kì í gbé iná.

Báyọ̀_Ajé

Bàbá, ṣé kò yẹ kí wọ́n tún sọ orúkọ wáìfáì méjèèjì di ọ̀kan?

Bàbá_Kírímpà

O káre. Orúkọ kan, password kan. Ẹ fi ti pálọ̀ sí channel 1, ti ṣọ́ọ̀bù sí 11, lórí 2.4 GHz, kí wọ́n má máa gba ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lẹ́nu. Fóònù míì á ṣì dìrọ̀ mọ́ ti pálọ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kó tó yí sí ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ pa wáìfáì fóònù náà, ẹ tún un tàn, ó tán. Kẹ́ ẹ sì wá UPS kékeré oní-12V (bátìrì tó máa gbé e tí iná bá lọ) fún ti pálọ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà rẹ̀. Tó bá jẹ́ 9V ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ má fi 12V sí i.

Aránṣọ_Àpẹtẹ̀

Orí mẹ́ta ni mo bàjẹ́. Nínú èkíní, mo gbàgbé búlúù sí ẹ̀yìn. Nínú èkejì, òwú kan ò dé iwájú: mo fi tẹ́sítà sí i, iná rẹ̀ ń ka 1, 2, 3, 4, ó fo 5, ó bọ́ sí 6, bí ọmọdé tí kò tíì mọ nọ́ńbà. Ẹ̀kẹta, mo tẹ̀ ẹ́ kí n tó rántí pé n kò tíì gé orí wọn dọ́gba. Ẹ̀kẹrin ló jọ mí lójú. Ìpẹ̀kun kejì, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọmọ-iṣẹ́ mi ló gbẹ́ ilẹ̀, ẹlẹ́rọ omi tó wà ládùúgbò ló bá wa so páìpù.

Àná ni Sátidé. Wákàtí kan àtààbọ̀, kò já fúnra rẹ̀ rárá. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan, ínfátà gbé ti ṣọ́ọ̀bù, ti pálọ̀ kú torí UPS kò tíì dé, mo ní kí wọ́n mu omi, ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà ó padà láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tó gé léèsì ìyá rẹ̀ ń béèrè bóyá a lè rí aṣọ míì dí ọrùn yẹn. Mo ní kó mú un wá ní Mọ́ńdè, kó má fi fídíò hàn mí.